Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ìgbéyàwó ni

Àbúrò mi, ìwọ tí dẹkorétọ̀ ní kó o mú ₦800,000 wá torí àtiṣe họ́ọ̀lù ìgbéyàwó èèyàn 200 lọ́ṣọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ẹ dùn mí, torí bó ṣe ṣe èmi náà nìyẹn n'Íbàdàn lọ́dún 2019. Nígbà yẹn ₦350,000 ni wọ́n pè fún mi, owó tó wà lọ́wọ́ mi ò sì pé ₦100,000, lèmi àti àǹtí mi bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ọjà kiri, oṣù méjì gbáko. ₦94,000 la ná tán. Mo mọ̀ pé owó ìsinsìnyí ti yàtọ̀, àmọ́ ọ̀nà tí a gbà ò tíì yàtọ̀.

Má jẹ́ kí "ìgbéyàwó" ti ẹnu ẹ jáde níwájú ọlọ́jà. Mo kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta nǹkan ìyàwó, mo béèrè nẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n máa ń ta sẹ́yìn àga ọkọ àti ìyàwó, mo gbọ́ iye ẹ̀, mo jáde. Ìgbà tí mo dé ọjà aṣọ Gbági lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á fún télọ̀ tó ń rán aṣọ ọmọdé, owó yáàdì kan yẹn fún mi ní yáàdì mẹ́ta, nẹ́ẹ̀tì kan náà ni o, mo fọwọ́ rá méjèèjì wò. Ibi tí wọ́n ti ń lo nǹkan lójoojúmọ́ ni kó o ti lọ rà á.

Tábìlì ló máa ń jẹ owó jù. Tiwa jẹ́ 24, róbótó, èèyàn mẹ́wàá mẹ́wàá, àwọn tó yá wa ní tábìlì ti fi aṣọ funfun kún un, èyí tó máa gba àárín ẹ̀ kọjá ló kù. Àǹkárá ìdì mẹ́ta ni mo rà, yáàdì 6 6. Àǹkárá sábà máa ń fẹ̀ tó íǹṣì 45, o máa là á sí mẹ́rin ní gbọọrọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ tó íǹṣì 11, o wá gé gígùn ẹ̀ sí méjì, ìdì kan á fún ẹ ní 8, ìdì mẹ́ta á di 24, ó kárí! Télọ̀ àdúgbò wa ló bá mi ṣẹ́tí ẹ̀.

Ti àárín tábìlì ńkọ́? Agolo tòmátò ńlá. Ìyá kan tó ń se oúnjẹ òde ládùúgbò wa ni mo bẹ̀ pé kó máa bá mi kó o jọ, a fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta kí òórùn ẹ̀ tó lọ. Ẹnu agolo yẹn mú o, ó ya àbúrò ọkọ mi lọ́wọ́, ẹ fi òòlù tẹ etí ẹ̀ palẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Mo wá lọ sí ọjà Òjé lọ ra àjákù aṣọ òfì. Òfì kì í fẹ̀ kí wọ́n tó rán an pọ̀, bí íǹṣì mẹ́rin ni ọ̀já kọ̀ọ̀kan, o kàn máa yí i po agolo bí ìgbànú ni, kó o fi góòmù lẹ̀ ẹ́. Màrìwò ni mo fẹ́ kì bọ inú ẹ̀, ìyá ọkọ mi ní rárá, ti òrìṣà nìyẹn, mi ò bá wọn jiyàn, la bá lo imọ̀ ọ̀pẹ tútù bí èyí tí a máa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an la gé e, a sì bu omi sínú agolo kó má baà rọ.

Ibi tí mo ti fara gbá rèé. Mo gé lẹ́tà orúkọ wa láti ara fóòmù funfun tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣọ̀n sínú páálí, alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ìgbéyàwó ku ọ̀tunla, mo gbé ọ̀dà góòlù inú agolo, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ lórí tó ń fín, mo fín in sí i. Ojú mi báyìí ni fóòmù yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, tó ń wọnú, bí ìgbà tí iyọ̀ bá kan ìgbín. Mo sunkún lálẹ́ yẹn. Kẹ́míkà inú ọ̀dà fífín ló ń yọ́ fóòmù, ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò láti kun ògiri ni kó o lò, fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún.

Má náwó sí àjà họ́ọ̀lù rárá, kò sẹ́ni tó ń wòkè. Abẹ̀bẹ̀ ni kó o rà. Mo ra púpọ̀ ní Ọjà'ba, a so díẹ̀ mọ́ nẹ́ẹ̀tì yẹn, a to ìyókù sórí tábìlì, ìgbà tí NẸ́PÀ wá mú iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ ò tètè dáhùn, gbogbo họ́ọ̀lù ló ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀, fọ́tò ìgbà yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo fọ́tò wa.

Lọ ka iye tábìlì tó wà ní họ́ọ̀lù yẹn fúnra ẹ, kó o sì wọn ọ̀kan, kó o tó wọkọ̀ Gbági.