Ilé tí kì í sábà sẹ́ni nílé: ẹran ọ̀sìn wo ló rọrùn?

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni à ń gbé. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ alẹ́ ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọkọ mi ń wa bọ́ọ̀sì. Ọmọbìnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò jẹ́ ká rímú mí lórí ọ̀rọ̀ ajá. Ajá kò ṣeé ṣe, ayálégbé ni wá. Mo wá ní kí n wá nǹkan kékeré kan tí kò ní wàhálà, tí ẹni tó ń sùn lọ́sàn-án á lè tọ́jú. Màmá mi náà ń bọ̀ wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa láti oṣù Keje, nítorí náà ẹnìkan á wà nílé tí á máa fún un lóúnjẹ. Kí ni kí n rà: ẹja ni, hamster (ẹran kékeré tó jọ eku) ni, àbí kí ni?

Ìdáhùn

Àbúrò mi, ẹ kú làálàá. Iṣẹ́ alẹ́ yẹn, mo mọ̀ ọ́n, òun ni mò ń ṣe títí di òní. Kí n tó sọ ohunkóhun nípa ẹran, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ Màmá kúrò nínú ètò yìí. Ẹ má fi ẹran ọmọ sí àbójútó wọn. Mo máa sọ ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n dáhùn ohun tí ẹ bèèrè ná.

Ẹ ṣeun tí ẹ ti pa ti ajá tì. Àwọn RSPCA, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹran níbí, ní kò yẹ kí ajá dá wà ju wákàtí mẹ́rin lọ. Wákàtí mẹ́rin! Ṣebótimọ, ajá tí a ní nílé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sẹ́ni tó ń bi í níbi tó ń lọ. Tí ebi bá pa á, á wá dúró lẹ́yìn ilé ìdáná.

Hamster ni gbogbo ènìyàn ń kọ́kọ́ dárúkọ, torí pé kò gbówó lórí, kò sì gba àyè. Ṣùgbọ́n òru ló ń jí. Ọmọ yín á ti sùn fọnfọn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, alẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ bá sì fún yín láyè láti sùn, ẹ̀yin ni ariwo rẹ̀ máa jí. Ẹ má sì ra méjì pọ̀, wọ́n lè pa ara wọn. Bí ọdún 2 báyìí ló máa ń lò láyé, lẹ́yìn náà ẹ̀yin lẹ máa jókòó ṣàlàyé ikú fún ọmọ.

Ẹja inú abọ́ gíláàsì roboto, ìyà lásán ni. Goldfish ń fẹ́ táǹkì ńlá, ó ń fẹ́ ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa da oògùn sómi ẹ̀rọ kí kíláríìnì inú rẹ̀ má pa á. Táǹkì tuntun gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìdọ̀tí ẹja ti gbilẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ra táǹkì àti ẹja lọ́jọ́ kan náà, òkú ẹja ló rà. Tí ẹ bá sì ṣe é re, ó lè lò tó ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ á ti lọ yunifásítì, ẹ̀yin lẹ á máa fọ táǹkì. Ti ehoro, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá.

Ohun kan tí àwọn tó ń tà á kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ: Animal Welfare Act, òfin ìtọ́jú ẹran ti ọdún 2006, ní ọrùn òbí ni ẹran tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ń sìn wà. Ọmọ ló ń sọ ọ́ lórúkọ, ẹ̀yin lẹ ń kó ìgbẹ́ rẹ̀.

Èyí tó rọrùn jù nínú gbogbo wọn, ẹ má rẹ́rìn-ín, ìgbín ni.

Ọmọ mi àgbà ló gbé e dé láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùkọ́ níbí fẹ́ràn kí wọ́n máa sin ìgbín ńlá ilẹ̀ Áfíríkà ní kíláàsì. Tó bá ti pamọ jù, wọ́n á kọ̀wé sáwọn òbí pé ta ló máa gbà lára rẹ̀. Mo ń múra ibi iṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ìwé yẹn dé, mo buwọ́ lù ú lórí ìdúró. Ọmọ sọ ọ́ ní Biscuit. Mo jókòó, mò ń wo ìgbín tó ń jẹ́ Biscuit, èmi ọmọ Ìjẹ̀bú.

Ṣùgbọ́n kò ní wàhálà. Àpótí ike onídèérí tí ẹ lu ihò sí lára, erùpẹ̀ tí wọ́n fi èèpo àgbọn ṣe, ẹ wọ́n omi sí i kó máa tutù díẹ̀. Otútù ni ọ̀tá rẹ̀: kó wà láàárín 20 sí 25 lórí ìwọ̀n Celsius, nítorí náà ẹ máa ra heat mat, ẹní oníná tó ń móoru, ẹ̀gbẹ́ àpótí ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́, kì í ṣe ìsàlẹ̀, torí ìgbín máa ń wa erùpẹ̀ wọlẹ̀. Kùkúńbà, ọ̀dùnkún, ewé, kò mọ̀ ju ìyẹn lọ. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Eegun cuttlefish tí wọ́n ń tà fún ẹyẹ ni ẹ máa fi síbẹ̀ kí ìkarahun rẹ̀ lè le. Kí ọmọ fọwọ́ dáadáa tó bá ti fọwọ́ kàn án. Ẹyin rẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún: gbogbo wọn ni akọ, gbogbo wọn ni abo, ọ̀kan ṣoṣo gan-an lè yé ọgọ́rùn-ún ẹyin tó bá ti bá òmíràn pàdé rí. Ẹ kó ẹyin náà sí fíríísà mọ́jú kí ẹ tó dà á nù. Ẹ má tú u sílẹ̀ nínú ọgbà, òfin ọdún 1981 lórí ẹranko igbó kò gbà á. Tí ẹ bá sì ní ẹbí ní Amẹ́ríkà, ẹ kìlọ̀ fún wọn, èèwọ̀ ni níbẹ̀. Ní 1966 ọmọkùnrin kan kó mẹ́ta láti Hawaii dé Miami, ìyá àgbà rẹ̀ tú wọn sínú ọgbà. Ọdún méje lẹ́yìn náà wọ́n ti ṣa ohun tó lé ní 18,000. Ẹ rí i, ìyá àgbà náà ni.

Ọdún tí Biscuit dé ni Màmá mi wá kí wa. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, Gẹ̀ẹ́sì wọn já gaara ju tèmi lọ. Nígbà tí wọ́n rí Biscuit, wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un fi sójú. Wọ́n ní, "Ìlákọ̀ṣẹ lẹ gbé sínú ilé báyìí?" Wọ́n ní ìdí rẹ̀ ti ṣóńṣó jù, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń rà ní ọjà Òkè-Àjẹ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ̀yà ti ìlà-oòrùn Áfíríkà ló wọ́pọ̀ ní àwọn kíláàsì níbí. Wọ́n wá yíjú sí ọmọ, wọ́n ní, "Jẹ́ kó tóbi ná, ata rodo ni màá fi pàdé rẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ kò rẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé kan, ọmọ jí, ó bá ìdérí àpótí nílẹ̀, Biscuit ti lọ. Màmá wà nídìí gáàsì, ọ̀bẹ̀ ń hó. Ó wọlé tòun ti aṣọ oorun, ó dúró níwájú wọn, ó sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, láìpariwo, pé wọ́n ti jẹ Biscuit, pé olè ni wọ́n. Màmá kò dá a lóhùn. Wọ́n ṣí ìkòkò, wọ́n fi ìgbákọ wú ọ̀bẹ̀ láti ìsàlẹ̀, wọ́n gbé e wá síwájú rẹ̀ kó fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Pọ̀nmọ́ ló wà níbẹ̀. Ó dúdú, ó ká lọ́wọ̀ọ́, ó ń dán nínú epo. Ẹ mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n bí síbí kò mọ pọ̀nmọ́ yàtọ̀ sí ìgbín. Ó figbe ta, ó ní òun rí i, òun rí i.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ìbàdàn ṣì ń bi mí di báyìí pé kí ló dé tí mi ò gbá a létí. Mi ò gbá a létí. Mo ní kó kúnlẹ̀ bẹ ìyá rẹ̀ àgbà, ó kọ̀, ó lọ ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Tó bá jẹ́ ilé ni, aládùúgbò á ti yọjú, àbúrò bàbá kan á ti fà á létí wọ ilé ìdáná padà, kí ọ̀bẹ̀ tó tutù ọ̀rọ̀ á ti parí. Níbí, èmi nìkan ni, mo sì ní iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹ má wá sọ pé mo ba ọmọ jẹ́. Àwa náà sunkún lórí àgbò Iléyá. A já ewé fún un, a sọ ọ́ lórúkọ, lọ́jọ́ ọdún ojú wa pọ́n fún ẹkún, nígbà tó máa fi di ọ̀sán a ti ń jà sí eegun. Màmá yìí kan náà ló bu ẹran yẹn fún wa. Ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ mi ní irú ìyẹn nínú fúláàtì? Ọjọ́ tó rí adìẹ alààyè rí, oko àwọn òyìnbó tí wọ́n ń sanwó wọ̀ ni.

Láti Sátidé yẹn, Màmá kò fọwọ́ kan ìkòkò wa mọ́. Wọn ò bínú o, wọ́n ní àárẹ̀ ni. Tí ebi bá ń pa wọ́n, ẹnu ọ̀nà kíṣìnì ni wọ́n máa dúró sí, wọn ò ní wọlé, wọ́n á ní, "Ṣé búrẹ́dì ṣì wà?" Nínú ilé ọmọ tí wọ́n bí!

Wọ́n ti dé Ìjẹ̀bú kí a tó rí Biscuit. Ẹ̀yìn fíríìjì ló wà, níbi tí ẹ̀rọ ti ń gbóná, ó ti fi awọ funfun dí ẹnu ìkarahun rẹ̀ pa bó ṣe máa ń ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọkọ mi fẹ́ dà á nù. Mo fi sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́; ó pẹ́ díẹ̀, ìwo kan yọ, ìkejì tẹ̀ lé e. Màmá ì bá ti sọ fún wa pé ibi gbígbẹ ni kí a wá a sí. Gbogbo ọmọdé Ìjẹ̀bú tó bá wọ igbó rí ló mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n.

Mo ya fídíò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n fèsì pé, "A dúpẹ́. Ẹ bá mi kí i." Di báyìí mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọmọ ti wọ sẹ́kọ́ńdírì, ó ní òun ò rántí. Gbogbo ìgbà tí mo bá ní kí wọ́n tún wá, orúnkún ló ń dùn wọ́n. Orúnkún ń dùn wọ́n lóòótọ́, mo ti rí fọ́tò egungun rẹ̀ tí dókítà yà. Àmọ́ orúnkún yìí náà wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ sí Kánádà lọ́dọ̀ àbúrò mi.

Nítorí náà, tí ẹ bá gbé ẹran kankan wálé kí Màmá yín tó dé, ẹ pè wọ́n kí wọ́n tó kúrò ní Nàìjíríà, ẹ sọ orúkọ ẹran náà fún wọn, ẹ ní kí wọ́n má fi ṣẹ̀fẹ̀. Ẹnu á wúwo, ta ló ń kọ́ ìyá rẹ̀ ní ẹ̀fẹ̀? Kí ọmọ náà wọ kíṣìnì pẹ̀lú wọn, kó mọ pọ̀nmọ́, kó mọ ṣàkì, kó mọ panla. Bí ẹ ṣe máa mú un wọbẹ̀, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Tèmi ò wọbẹ̀.

Àmọ́ tí ẹ bá bi mí, ẹ ní kí ọmọ yín ní sùúrù títí di oṣù Kẹwàá. Tí Màmá bá ti padà, ẹ kọ̀wé sí mi. Biscuit kò dáwọ́ ẹyin yíyé dúró, mo lè ṣẹ́ méjì kù fún yín kí n tó kó ìyókù sí fíríísà. Lánlọ́ọ̀dù nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé.