Sólà mi ń tan gílóòbù, àmọ́ kò lè gbé áyọ́ọ̀nù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Télọ̀ ni mí, wáyà iná ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ra sólà kékeré kan, ó ń tan gílóòbù méjì, ó ń ṣaájì fóònù, mo dúpẹ́, àmọ́ kò lè gbé áyọ́ọ̀nù, áyọ́ọ̀nù eléèédú ni mo ṣì fi ń lọ aṣọ oníbàárà. Wọ́n wá ní àwa náà ti wà lára àwọn tó níná, wọ́n tún ní kí gbogbo ayé fi epo àti èédú sílẹ̀. Ṣé ibi tí tiwa máa parí sí nìyẹn?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá, télọ̀ wa. Ibi tó ń dun èèyàn gan-an lẹ fọwọ́ bà yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo áyọ́ọ̀nù yẹn ná. Gílóòbù LED tá à ń lò nínú ilé ò sábà ju wáàtì 10 lọ, áyọ́ọ̀nù ń jẹ tó 1,000, ẹyọ áyọ́ọ̀nù kan tó ọgọ́rùn-ún gílóòbù nìyẹn, torí ohunkóhun tó bá ń mú nǹkan gbóná, iná ló ń jẹ bẹ́ẹ̀. Mọ́tò tí wọ́n ń so mọ́ máṣíìnì ìránṣọ ní tiẹ̀, nǹkan bíi wáàtì 100 ni, sólà tó tóbi díẹ̀ ju tiyín lọ máa gbé e. Oòrùn ò ṣẹ̀ yín o, páànù yín ló kéré.

Báńkì Àgbáyé náà mọ̀ pé iná ju iná lọ, ìpele márùn-ún ni wọ́n pín in sí. Ìpele 1, wáàtì 3 fún wákàtí mẹ́rin lójúmọ́ ti tó. Ìpele 5, wáàtì 2,000 fún wákàtí 23. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ ìṣirò, àwọn méjèèjì ni wọ́n ń pè ní ẹni tó níná, ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn, torí èyí tó ń tan gílóòbù lásán ò lè sọ iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn di ńlá. Ó sì ṣì lé ní 600 mílíọ́nù èèyàn tí ò tiẹ̀ ní ìyẹn pàápàá lọ́dún 2023, ilẹ̀ Áfíríkà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà.

Níbi ìpàdé àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tí wọ́n ṣe ní Dubai lọ́dún 2023, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé àwọn á máa kúrò nídìí epo, gáàsì àti èédú lọ́nà òdodo. Lójú tèmi, òdodo ò sí níbẹ̀ tí ẹni tí ò tíì níná bá ṣì ń dúró. Owó ni wàhálà ibẹ̀. Jẹnẹrétọ̀, ẹ lè rà á kẹ́ ẹ sì máa ra epo rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ sólà, iná ogún ọdún lẹ ń san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí ò bá lówó lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ yá a, èlé owó yìí sì fi ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ga nílẹ̀ Áfíríkà ju ti àwọn orílẹ̀-èdè olówó lọ. Kí wọ́n bá wa mú èlé yẹn wálẹ̀.

Tí wọ́n bá wá kọ orúkọ fún sólà ńlá tí gbogbo àdúgbò jọ máa lò, ẹ má sọ iye gílóòbù nìkan, ẹ ní kí wọ́n kọ áyọ́ọ̀nù àti máṣíìnì yín sílẹ̀ àti wákàtí tẹ́ ẹ fi ń lò wọ́n, torí ohun tí wọ́n bá kọ ni wọ́n máa fi mọ bí páànù àti bátìrì ṣe máa tóbi tó. Ẹ sì sọ fún wọn pé ọ̀sán lẹ máa ń lọ aṣọ, nígbà tí oòrùn ń ràn, tí iná ń ti orí páànù bọ̀ tààrà, tí kò ní dá bátìrì lágara.