Abẹ́rẹ́ tí Màmá gbà nígbà ogun: ta ló ni ìwé ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ ma. Iṣẹ́ kíà ni mò ń ṣe ní London. Màmá òyìnbó tí mò ń tọ́jú ní wọ́n gún àwọn lábẹ́rẹ́ dìfitéríà ní Bermondsey ní 1942, wọ́n sì fi tipátipá wẹ ẹ̀gbọ́n àwọn torí kúrùnà (scabies, àrùn awọ ara tó máa ń yúnni). Ọmọ wọn ń wá àkọsílẹ̀ ẹ̀. NHS, ètò ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ò sì tíì sí nígbà yẹn, ọ̀dọ̀ ta ni ká lọ?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni Màmá sọ o. Kí NHS tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje 1948, kàńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, kàńsù kọ̀ọ̀kan ní dókítà àgbà tí wọ́n ń pè ní Medical Officer of Health, òun ló ń bójú tó àjàkálẹ̀ àrùn, ilé tó dọ̀tí, aláboyún àtọmọ wẹ́wẹ́. Dìfitéríà máa ń dí ọmọdé lọ́fun ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń pa lọ́dún, ìyẹn nìjọba ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í polongo abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ láti ìparí 1940. Ti kúrùnà yẹn, òfin 1941 ló fún dókítà kàńsù lágbára láti wọlé onílé lọ yẹ ara wọn wò. Wọ́n á ki ọmọ bọ omi gbígbóná, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kun oògùn kúrùnà tó ń jẹ́ benzyl benzoate sí i lára látọrùn délẹ̀, ó sì máa ń ta èèyàn lára, ta ló fẹ́ gbàgbé ìyẹn!

Ẹ kọ́kọ́ bi Màmá pé ibo ni wọ́n ń sùn lọ́dún yẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ London ni wọ́n kó lọ sí abúlé nítorí bọ́ǹbù, tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti gbabẹ́rẹ́, kàńsù ibẹ̀ lẹ máa wá lọ. Tó bá jẹ́ Bermondsey lóòótọ́, ó ti wọ inú Southwark láti 1965, ibi tí kàńsù Southwark ń kó ìwé àtijọ́ sí ni kẹ́ ẹ kọ̀wé sí. Ibi táwọn èèyàn ti ń ṣìnà rèé: ọsibítù àjàkálẹ̀ àrùn àti ìlera ọmọ iléèwé kì í ṣe ti kàńsù kékeré bíi Bermondsey, London County Council, kàńsù ńlá tó ń bójú tó gbogbo London nígbà yẹn, ló ni wọ́n, ìwé tiwọn wà ní The London Archives, ibi tí wọ́n ń kó ìwé àtijọ́ London sí.

Wellcome Collection, ilé ìkàwé ìtàn ìṣègùn ní London, ti gbé ìròyìn ọdọọdún àwọn dókítà yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ tìgbà ogun máa ń ṣókí torí bébà wọ́n, ẹ ò sì ní rí orúkọ Màmá níbẹ̀. Mi ò ní tàn yín, káàdì ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣọ̀wọ́n. Ìwé tó lórúkọ aláìsàn, wọ́n sábà máa ń tì í pa fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún, torí náà kí Màmá fọwọ́ ara wọn buwọ́ lu lẹ́tà yẹn, kẹ́ ẹ sì tú dúrọ́ọ̀ wọn wò dáadáa, bóyá káàdì àtijọ́ wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.