Èsì: Aboyún àti kẹ́míkà aró àdìrẹ
Ẹ béèrè bóyá ìyàwó yín tó lóyún lè máa po aró nìṣó. Rárá o. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn pò ó, kí òun gbájú mọ́ aṣọ dídì. Èéfín hydrosulphite, kẹ́míkà oníyẹ̀fun tí wọ́n fi ń po aró, máa ń ta ni lọ́fun. Bí omi díẹ̀ bá kán sínú ike rẹ̀, á gbóná, ó tilẹ̀ lè gbiná. Gbangba ni kí wọ́n ti pò ó, láìsí ọmọ lẹ́yìn.

Sódà aró (caustic soda) ni kí wọ́n dà sínú omi tútù díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe omi sórí sódà: á hó, á ta síni lójú. Ẹ má lo abọ́ alumíníọ̀mù, sódà ń jẹ ẹ́. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà gbọ́dọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Bó bá ta sára, omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi ṣàn án fún 20 ìṣẹ́jú, kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́. Ẹ má fọ aṣọ iṣẹ́ pọ̀ mọ́ tọmọdé.