Ṣé Káàdì Béèsìbọ́ọ̀lù Ọdún 1990 Lè San Owó Yunifásítì Ọmọ Mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Maryland ni mò ń gbé. Nígbà tí a ra ilé wa, a bá àpótí mẹ́rin tó kún fún káàdì béèsìbọ́ọ̀lù nínú gáréèjì, ìyẹn bébà líle tó ní àwòrán agbábọ́ọ̀lù, èyí tí ilé iṣẹ́ Topps àti Donruss tẹ̀ láti 1988 sí 1991. Ẹni tó ta ilé ní òun kò fẹ́ wọn mọ́. Mo gbọ́ pé wọ́n ta káàdì kan ní mílíọ̀nù méjìlá dọ́là. Ọkùnrin kan ní kí n san $400 kí òun bá mi forúkọ wọn sílẹ̀, kí n sì tọ́jú wọn fún ọdún mẹ́wàá sí i. Ọmọ mi á wọ yunifásítì nígbà yẹn. Ṣé kí n san án?

ÌDÁHÙN: Má san kọ́bọ̀. Kò pọn dandan kí a forúkọ káàdì sílẹ̀ kí a tó tà á. Ó fẹ́ lù ọ́ ní jìbìtì ni.

Àbúrò mi, o kò tilẹ̀ bi mí bóyá káàdì náà níye lórí. O ti gbà bẹ́ẹ̀ lọ́kàn rẹ, ó ku iye ọdún tí wàá fi dúró. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Gbogbo ẹni tó ń pè mí ló ń sọ ọ́: “Ẹ̀gbọ́n, ó ti pẹ́ o!” Ọjọ́ orí kọ́ là ń rà. Ohun tí èrò ń wá tí kò sì kárí wọn là ń rà.

Èyí tí o gbọ́ yẹn, káàdì agbábọ́ọ̀lù Mickey Mantle ni, Topps ọdún 1952. $12.6 mílíọ̀nù ni wọ́n tà á ní gbàǹjo lóṣù kẹjọ ọdún 2022. Kí ló dé tó fi wọ́n bẹ́ẹ̀? Nígbà tó jáde, ohun ìṣeré ọmọdé ni, ṣíngọ́ọ̀mù ni wọ́n ń tà á mọ́. Àwọn ọmọ ń há káàdì mọ́ táyà kẹ̀kẹ́ kó lè máa dún, àwọn ìyá ń gbá a dànù. Èyí tí kò tà, Topps fúnra wọn kó o sínú ọkọ̀ ojú omi lọ́dún 1960, wọ́n dà á sínú òkun Atlantic. Ìwọ̀nba tó kù ni àwọn olówó ń jà lé lórí.

Tìrẹ kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1980, gbogbo Amẹ́ríkà ti gbọ́ iye tí Mantle ń tà. Kò sẹ́ni tó jẹ́ há káàdì mọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́. Odidi páálí ni wọ́n ń rà, wọn kì í tú u, wọ́n ń gbé e sí àjà ilé. Topps, Donruss, Fleer, Score, Upper Deck náà kò sùn, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ tọ̀sán tòru. “Junk wax” là ń pe àwọn ọdún yẹn. Wax ni ìda, torí bébà tí wọ́n fi ìda pa ni wọ́n fi ń wé e. Junk, ìwọ náà mọ ìyẹn: pàǹtírí. Ohun tí gbogbo ayé tọ́jú, ta ni yóò wá rà á lọ́wọ́ ta? Fún páálí Donruss 1990 ní ọdún mẹ́wàá sí i, wàá kàn ní páálí tó tún dàgbà sí i ni.

Kódà káàdì agbábọ́ọ̀lù Ken Griffey Jr. ti Upper Deck 1989, tó lókìkí jù nínú wọn, èyí tí PSA fún ní máàkì 10 nìkan ti ju 4,000 lọ. PSA ni ilé iṣẹ́ tó ń yẹ káàdì wò, tó ń fún un ní máàkì láti 1 dé 10, tó sì ń tì í mọ́ inú ike. Mú Donruss 1990 kan, elétí pupa yẹn, gbé e sún mọ́ iná. Funfun tín-ín-tín tó yọ ní igun rẹ̀, níbi tí àwọ̀ pupa ti bó? Ó ti bọ́ lọ́wọ́ 10 nìyẹn. Nínú Topps, ṣíngọ́ọ̀mù á ti lẹ̀ mọ́ káàdì tó kàn án, á ti yí i lára. Owó tí PSA máa gbà lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn á ju iye tí wàá tà wọ́n lọ.

(Máàkì pàápàá kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Káàdì agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ Honus Wagner ni PSA kọ́kọ́ fún ní máàkì; Bill Mastro tó ti ní in rí jẹ́wọ́ lọ́dún 2013 pé òun gé etí rẹ̀ kó lè dà bí tuntun.)

Èmi kì í ṣe olùdámọ̀ràn owó o, káàdì ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n owó orí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí èrè irú nǹkan báyìí lè dé 28%, bi akáúńtáǹtì rẹ. Fún ti ilé-ìwé ọmọ, àkáǹtì 529, tí a fi ń fowó pamọ́ fún ẹ̀kọ́, wà ní Maryland.

N kò tíì fojú rí àpótí rẹ, torí náà má torí ọ̀rọ̀ mi kó o dànù. Lórí eBay, má wo iye tí wọ́n ń pè é; ẹnikẹ́ni lè pe ewúrẹ́ ní owó màlúù. “Sold Items” ni kí o tẹ̀, ìyẹn èyí tí owó ti wọlé fún. Kí ìwọ àti ọmọ rẹ wá jókòó, kí ẹ ṣa gbogbo Topps 1990. Káàdì agbábọ́ọ̀lù Frank Thomas lẹ̀ ń wá, nọ́ńbà 414. Lára díẹ̀ nínú wọn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fo orúkọ rẹ̀ níwájú káàdì, ìyẹn sì ń pa owó gidi. Bí ẹ bá rí èyí tí kò lórúkọ, ẹ má nù ún, ẹ má fi rọ́bà dè é. Ẹ rọra fi sínú ike, kí o ya fọ́tò rẹ̀ tiwájú tẹ̀yìn, kí o fi ránṣẹ́ sí mi.