Ṣé Ọ̀rọ̀ Kan Náà Ni «Papa» Níbi Gbogbo?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ pe áàpù ìwé kíkà tí mò ń ṣe fáwọn ọmọdé ní Papa. Ọ̀rẹ́ mi kan ní àkùrákùdà ni papa lédè Swahili, òmíràn ní ọ̀dùnkún ni lédè Spéènì. Ṣé orísun kan náà ni gbogbo rẹ̀ ti wá? Ṣé kí n pa orúkọ náà tì ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ làwọn méjèèjì sọ, àmọ́ àwọn ọ̀rọ̀ náà ò bára tan. Wọ́n kàn jọra lójú ni.

Ẹ wo ti Spéènì ná. Papa tó jẹ́ ọ̀dùnkún wá láti inú Quechua, èdè àwọn ará òkè Andes, tí wọ́n ti ń gbìn ín tipẹ́ káwọn ará Spéènì tó débẹ̀. Ní Spéènì gan-an, patata ni wọ́n ń pè é: wọ́n lú papa pọ̀ mọ́ batata, orúkọ ànàmọ́ (sweet potato) lédè Taíno, èdè àwọn ará erékùṣù Caribbean. El Papa, ìyẹn póòpù, gba inú èdè Látìn wá láti pappas ti Gíríìkì, bí ọmọdé ṣe ń pe baba rẹ̀. Bàbá gangan wá ni papá, tó lámì lórí.

Ti Swahili, tó jẹ́ èdè Bantu, kò bá ìkankan nínú wọn tan. Bẹ́ẹ̀ náà ni papa ti Māori, èdè kan ní New Zealand, tó jẹ́ ohun pẹrẹsẹ, àti pápá tiwa.

Orúkọ òbí ló ń tan èèyàn jẹ jù. Ìró m, p àti b, tí ètè ń gbé jáde, wà lára ohun tọ́mọ ọwọ́ kọ́kọ́ ń pè. Òbí tó bá gbọ́ ọ á ní òun lọmọ ń pè. Ìdí nìyẹn tí mama àti papa fi pọ̀ nínú àwọn èdè tí ò mọra rí. Lédè Georgia, orílẹ̀-èdè kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rọ́ṣíà, mama ni wọ́n ń pe bàbá. Deda ni ìyá!

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ méjì bára tan, bí wọ́n ṣe rí láyé àtijọ́ ni kẹ́ ẹ wò. Àpẹẹrẹ kan wà tí mo fẹ́ràn gan-an: lédè Mbabaram ní Ọsirélíà, dog ni ajá, bíi ti Gẹ̀ẹ́sì gẹ́lẹ́. Àmọ́ nínú Yidiny, èdè tó bá a tan, gudaga ni. Mbabaram gé orí àti ìdí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sọ a àárín di o, ló bá ku dog.

Ẹ lè lo orúkọ yín. Kò sí èébú nínú èyí tí mo kà sílẹ̀ yìí. Fáwọn tó ń sọ èdè Spéènì, ẹ kọ ọ́ ní Papá tó bá jẹ́ bàbá lẹ ní lọ́kàn. Kẹ́ ẹ tó gbé e jáde ní orílẹ̀-èdè kan, ẹ jẹ́ káwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ gbọ́ ọ, torí ọ̀rọ̀ ìgboro kì í tètè wọnú ìwé atúmọ̀ èdè.