Káàdì kan ṣoṣo kò tó fún DPDK lórí VM

Àbúrò mi ará Kétu, mo ka ohun tí o kọ: o ti fi DPDK (ètò tó ń bá káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì sọ̀rọ̀ tààrà) sórí VM (kọ̀ǹpútà àyálò tó wà nínú ẹ̀rọ ńlá ẹlòmíràn) tí o yá, o ti ya hugepages (ègé memory ńlá tí DPDK ń lò) sọ́tọ̀, àmọ́ bí o bá ti ṣí dpdk-testpmd, ètò ìdánwò rẹ̀, yóò ní òun kò rí port kankan, ìyẹn káàdì tí òun lè lò. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi ọ́: káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì mélòó ló wà nínú VM yẹn? Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, jọ̀ọ́, má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ títí wàá fi kà á tán.

Ẹyọ kan ni tèmi ní. Ilé wa ní Wàndó, Àjàṣẹ́ níbí ni mo jókòó sí, VM wà lókè òkun, SSH, ọ̀nà tí a fi ń wọlé sínú ẹ̀rọ láti òkèèrè, nìkan ló so wá pọ̀. Mo ní kí dpdk-devbind.py gba káàdì náà lọ́wọ́ kernel (ọkàn Linux), kó fà á lé vfio-pci (dráífà tí DPDK ń lò) lọ́wọ́. Ó kìlọ̀ fún mi o. Ó kọ ọ́ pé káàdì yìí ṣì ń ṣiṣẹ́, òun kò ní fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n mo ti ka ọ̀rọ̀ àwọn kan tó ń pe ara wọn ní ọ̀gá, wọ́n ní ká sáà fi --force sí i. Mo fi sí i. Bí mo ṣe tẹ Enter, ojú kọ̀ǹpútà dúró gbagidi. Mo tẹ lẹ́tà, kò jáde. Mo rò pé dátà ló tán, mo jáde lọ ra ti 1,000 sẹ́fà, mo padà dé, ibi tó wà náà ló wà. Dátà kò tán. DPDK máa ń gba káàdì kúrò lọ́wọ́ kernel pátápátá kí páákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ègé dátà, lè lọ tààrà sọ́dọ̀ ètò tìrẹ. SSH sì rèé, ọ̀dọ̀ kernel ló ń gbà kọjá. Èmi fúnra mi ni mo já okùn tí mo fi ń wọlé.

Ohun tí devbind bá ṣe kì í kọjá reboot, ìyẹn ì bá gbà mí. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo ti kọ ọ́ sínú systemd (ètò tó ń ṣí iṣẹ́ nígbà tí Linux bá ń jí) kó lè máa ṣe é fúnra rẹ̀. Bí VM náà bá ṣe ń jí ló ń tilẹ̀kùn mọ́ mi. Mo kọ̀wé sí àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn níbi tí mo ti yá a. Ẹni àkọ́kọ́ ní kí n pa á kí n tún un tàn. Ẹnì kejì sọ bákan náà. Mo ṣàlàyé fún ẹnì kẹta pé títàn yẹn gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Òun náà ní kí n tún un tàn, ó sì ti ẹjọ́ mi pa. Inú ṣì ń bí mi di òní. Wọn kì í ka ohun tí èèyàn kọ sí wọn!

Mo gba serial console, ojú ìwọlé tí kò gba káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá, ó béèrè password. Kò sí user tó ní password níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ SSH la fi ń wọlé. Ọjọ́ méjì gbáko kọjá kí n tó rọ́nà: mo pa VM, mo tú dísìkì rẹ̀, mo so ó mọ́ VM mìíràn, mo ṣí i (mount) sí /mnt, mo pa fáìlì tí mo kọ rẹ́ ní /mnt/etc/systemd/system, pẹ̀lú symlink (atọ́ka) rẹ̀ nínú multi-user.target.wants, mo wá dá dísìkì padà. Nígbà yẹn, oníbàárà mi ní Kútọnu ti gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.

Nítorí náà, fi káàdì kejì kún un, èyí tí kò ní route (tí SSH rẹ kò gbà kọjá) ni kí o fún DPDK. Fún user rẹ ní password lónìí.

Má sì yá VM pọ́ọ́kú tí wọ́n ń fi kírẹ́díìtì CPU (ìwọ̀n iṣẹ́ tí ọpọlọ ẹ̀rọ lè ṣe) wọ̀n. DPDK kì í sùn, ó ń wo káàdì láìsinmi, core (ẹyọ kan nínú ọpọlọ ẹ̀rọ) tó bá wà lórí rẹ̀ yóò máa lo 100% bí páákẹ́ẹ̀tì kankan kò tilẹ̀ wọlé. Kírẹ́díìtì á tán, ẹ̀rọ á máa wọ́, tàbí kí owó máa gorí owó. Bó bá jẹ́ Azure, tí káàdì inú rẹ̀ jẹ́ Mellanox, má gbà á lọ́wọ́ kernel rárá. Mlx5, dráífà Mellanox, ń bá kernel ṣiṣẹ́ pọ̀. Bó bá jẹ́ AWS tí o sì ń lo igb_uio (dráífà mìíràn tó lè rọ́pò vfio-pci), fi wc_activate=1 sí i.

Ìbéèrè rẹ gan-an: wo dmesg, àkọsílẹ̀ ohun tí kernel ń sọ. Bí o bá rí vfio-pci pẹ̀lú error -22, kò sí IOMMU (ohun tó ń ṣọ́ ibi tí káàdì lè dé nínú memory) nínú VM rẹ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ VM rí. Kọ èyí:

echo 1 | sudo tee /sys/module/vfio/parameters/enable_unsafe_noiommu_mode

Lẹ́yìn náà, tún káàdì kejì fà lé vfio-pci lọ́wọ́. Òótọ́ ni wọ́n ní unsafe: káàdì lè kọ nǹkan síbi tó bá wù ú nínú memory, nítorí náà má ṣe é lórí VM tí ìwọ àti ẹlòmíràn jọ ń lò. Bó bá ti ṣiṣẹ́, fi ètò noiommu yìí sínú /etc/modprobe.d kó lè kọjá reboot. Hugepages, o ti mọ̀ ọ́n.

Ṣí testpmd, kọ start, kọ show port stats all. Bí RX-packets kò bá kúrò lórí 0, fi ohun tí dpdk-devbind.py --status bá sọ ránṣẹ́ síbí, kí o sì sọ irú VM tí o yá.